Ọmọ Onítìjú, Iṣẹ́ Àkọ́kọ́ àti Ipò Olórí: Àwọn Ìbéèrè Tí Òbí Máa Ń Bi Mí ní Òṣogbo

Olùdámọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo jẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí sì máa ń bi mí ní ìparí táàmù, ì báà jẹ́ níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, ì báà jẹ́ níbi tí mo ti ń ra ata ní Ọjà Ọba. Mo kó wọn jọ síhìn-ín pẹ̀lú ìdáhùn wọn. Ọmọ onítìjú ọdún 13 sí 18, tí òbí rẹ̀ ń ro bóyá kó fi í sẹ́nu iṣẹ́ tàbí sí ipò olórí, ni mo ní lọ́kàn.

Ṣé àìsàn ni ìtìjú ọmọ mi?

Kì í ṣe àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwàkiwà. Àwọn àgbà wa kò tilẹ̀ ka ìtìjú sí àbùkù pátápátá. Ẹni tí ojú kì í tì rárá ni wọ́n máa ń sá fún. Ọmọ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí ni èyí tó ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ jiyàn nínú ilé débi pé etí ń di yín, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ń há sí lọ́fun bí àlejò bá ti wọlé.

Ọ̀tọ̀ ni ọmọ tí ẹ̀rù gidi ń bà, tí inú ń run láràárọ̀ nítorí pé ó fẹ́ lọ sí ilé-ìwé, tí kì í jẹun, tí kì í sùn. Ọ̀tọ̀ sì tún ni ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá ṣàdédé dákẹ́. Bí ti yín bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yìí, ẹ gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tì ná, kí ẹ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà bí ó bá ń pẹ́ jù.

Ṣé kò ní fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ó bá dàgbà? Kí ni iṣẹ́ fẹ́ ṣe sí i?

Ọ̀pọ̀ ni ó ń fi sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ fún ìrètí nìkan. Ohun tí iṣẹ́ ń ṣe fún ọmọ onítìjú, tí ìmọ̀ràn òbí kò lè ṣe, ni pé ó ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. A lè sọ ọ́ nígbà ẹgbẹ̀rún pé, "Sọ̀rọ̀ sókè!" kí ọmọ náà má sì mọ ohun tí ó yẹ kí òun sọ sókè. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sídìí ìwé tí wọ́n ń kọ aṣọ oníbàárà sí ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ẹnìkan wọlé, ó bi í léèrè bóyá aṣọ òun ti jáde. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé níwájú rẹ̀: ó jáde, kò jáde, bọ́tìnnì ló kù. Ó dáhùn. Nígbà tí yóò bá fi dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fún ogójì ènìyàn, kò tún ní máa wo ilẹ̀ mọ́ bí ó bá ń sọ̀rọ̀.

Ọmọ ọdún mélòó ló yẹ kó jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀? Kí ni òfin wí?

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ka ẹnikẹ́ni tí kò tí ì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Ó ka iṣẹ́ tó lè ṣe ara, ọpọlọ tàbí ìwà ọmọ ní jàǹbá léèwọ̀, títí kan ẹrù wúwo gbígbé, ó sì yọ̀ǹda iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí ọmọ, irú bíi ti oko àti ti inú ilé. Ní ti Òfin Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa, ẹni tí kò tí ì pé ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 4 lọ láìsinmi, gbogbo rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Òfin kan náà gbà kí òbí fi ọmọ tó ti ju ọdún 12 lọ sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé àdéhùn, kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì fara mọ́ ọn.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ kí òbí ọmọ onítìjú dúró lé lórí. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ kì í sọ pé òun kò fẹ́. Bí ẹ bá bi í pé, "Ṣé wàá lọ?" tí ó mi orí, ìyẹn kò tíì di ìfaramọ́. Ẹ fún un ní ibi méjì tàbí mẹ́ta kó mú ọ̀kan, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ mélòó kan kó rò ó. Ní tèmi, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí nínú ẹbí ló dára fún ọmọ ọdún 13 tàbí 14, nígbà ìsinmi nìkan. Bó bá tó ọdún 16, kó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ẹbí, tí ẹ mọ̀ dáadáa.

Irú iṣẹ́ wo ló bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mu ní Òṣogbo?

Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe, tí ẹnu ń tẹ̀ lé. Ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo, a kò sì gbọ́dọ̀ wá ohun tó wà ní sòkòtò wa lọ sí Sókótó. Ní ilé àdìrẹ, ọmọ lè jókòó ti aṣọ kan fún wákàtí méjì, kó máa fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sí i lára tàbí kó máa fi ìko dì í ní kókó kókó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó jókòó yí i ká ń sọ̀rọ̀, ń rẹ́rìn-ín, ń bú ara wọn ṣeré. Òun náà yóò dá sí i lọ́jọ́ kan, láìsí pé ẹnìkan pè é.

Mo rí ọmọbìnrin kan tí ọ̀gá rẹ̀ fi sídìí àkọsílẹ̀ ní irú ibẹ̀. Ìwé onílà ńlá kan ni wọ́n fún un. Ó fa ìlà sí i: orúkọ oníbàárà, iye yáàdì, àwọ̀ tí wọ́n fẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà á. Aṣọ tó bá sì ti wọ inú aró, yóò fi gègé pupa sàmì sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun nìkan ló mọ aṣọ tó wà lórí okùn àti èyí tó ṣì wà nínú ọpọ́n, títí kan ẹni tí kò tíì san àsansílẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó bá níbẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọwọ́ lé iṣẹ́. Kò sí ẹni tó yàn án sí ipò kankan.

Oṣù kẹjọ ni kí ẹ máa wò. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bọ́ sí ìgbà kan náà tí ọdún Ọ̀ṣun-Òṣogbo ń wáyé, àlejò sì ń pọ̀ nílùú láti ìgbà tí UNESCO ti fi Igbó Ọ̀ṣun sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ilé ìtẹ̀wé máa ń wá ọwọ́ kún ọwọ́ ní àsìkò náà, ìbáà jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Yàtọ̀ sí àdìrẹ, ilé ìtajà ìwé, ilé àtúnṣe fóònù, ilé oògùn tí ẹ mọ ẹni tó ni ín, àti ọgbà adìẹ kò burú.

Àwọn iṣẹ́ wo ni kí n má gbà fún un?

Ìpolówó ọjà kiri ojú títì, nítorí ewu rẹ̀ ju ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ lọ. Ìdí POS ní òun nìkan, nítorí owó tó bá dín, ọrùn rẹ̀ ni yóò já lé, kò sì ní lè gbèjà ara rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń gbà á di alẹ́. Ní ilé àdìrẹ pàápàá, ẹ béèrè ẹni tó ń po aró: kọ́sítíìkì tí wọ́n ń lò báyìí máa ń jó ara, ìda gbígbóná kò sì mọ ọmọdé. Bí ọ̀gá kò bá ní ìbọ̀wọ́ fún ọmọ, ìdí ìyàwòrán ni kó fi í sí.

Ṣé èmi ni kí n lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, àbí òun fúnra rẹ̀?

Ẹ jọ lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ fi gbólóhùn mẹ́ta sílẹ̀ fún un: orúkọ rẹ̀, kíláàsì rẹ̀, àti ìdí tó fi mú iṣẹ́ náà. Ẹ ti kọ́ ọ nílé. Bó bá dé ibẹ̀ tó dákẹ́, ẹ má ṣe bá a sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ náà wà níbẹ̀ díẹ̀. Ó máa ń le fún òbí ju ọmọ lọ.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ lójú rẹ̀ ni, "Ẹ má bínú, kì í sọ̀rọ̀ o." Mo jẹ̀bi èyí. Mo mú ọmọ tèmi lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan lọ́dún kan, mo sì sọ gbólóhùn yẹn kí a tó jókòó, pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Oṣù kan gbáko ló lò níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan, torí pé ìyá rẹ̀ ti sọ fún wọn pé kì í dáhùn. Bébà ni wọ́n ń ní kó máa kà. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí kò bá wọn sọ̀rọ̀, ó ní, "Màámi, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wọn." Ohun tí ẹ lè sọ fún ọ̀gá, ní kọ̀rọ̀, ni pé ọmọ náà máa ń ṣe dáadáa bí a bá sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún un ní kíkún, kí a sì fún un láyè díẹ̀ kó tó dáhùn.

Kì í lè kí ènìyàn dáadáa, wọ́n sì ń sọ pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Kí ni ṣíṣe?

Ìkíni ni ìdààmú tó pọ̀ jù fún ọmọ onítìjú nílẹ̀ Yorùbá, torí pé ẹni tí kò kíni, ìgbéraga la máa kà á sí. Síbẹ̀, èdè wa ti ṣe ọ̀nà fún un. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni tirẹ̀: "Àrẹ̀dú o" ni fún aláró, "Ojú gbooro o" ni fún onídìrí, "Ajé á wọ igbá o" ni fún ọlọ́jà. Ọ̀rọ̀ àpèsè ni. Ọmọ kò ní láti ronú ohun tí yóò sọ. Bí ó bá ti kúnlẹ̀ tàbí tó dọ̀bálẹ̀, tó sọ ọ́, ó ti parí, àgbàlagbà náà ni yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ kọ́ ọ ní ìkíni iṣẹ́ tó ń lọ kọ́, pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀, kí ẹ fi ṣeré nílé títí tí kò fi ní máa kùn ún lábẹ́ èémí mọ́. Èyí máa ń wú àwọn ọ̀gá àgbà lórí gan-an, nítorí àwọn ọmọ tó gbójú jù lọ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ṣé ó yẹ kó gba owó?

Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kì í sábà gba owó oṣù, òbí mìíràn ló tilẹ̀ ń sanwó fún ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni, kí wọ́n fún un ní owó ọkọ̀ àti nǹkan díẹ̀ lé e, kí wọ́n sì fi í lé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Kíka owó tirẹ̀ lójú ẹni tó san án jẹ́ ẹ̀kọ́ kan. Owó tí òbí bá ní, "Mú un wá kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀," gbogbo wa la mọ ibi tí ó máa ń já sí. Ẹ ra kóló fún un, tàbí kí ẹ bá a ṣí àpò ìfowópamọ́ ọmọdé ní báńkì.

Kò ní dí ìwé rẹ̀ lọ́wọ́?

Yóò dí i lọ́wọ́ bí ẹ kò bá fi ààlà sí i. Nígbà tí ilé-ìwé bá ti wọlé, Sátidé nìkan ti tó. Ọmọ SS3 tó ń múra WAEC kò ní ohun tó ń wá ní ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni láti oṣù kìíní títí tí ìdánwò yóò fi parí.

Iṣẹ́ orí fóònù nìkan ló fẹ́ ṣe. Ṣé kí n gbà?

Ẹ gbà, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ẹsẹ̀ kún un. Ọmọ tó mọ bí a ṣe ń ṣe káàdì ìpè síbi ìnáwó lórí fóònù ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, pàápàá ní ìlú tí a kì í sinmi ìkómọjáde àti òkú àgbà. Àdéhùn mi pẹ̀lú irú wọn ni pé àwọn fúnra wọn ni yóò gbé iṣẹ́ náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé, tí wọn yóò sì jíṣẹ́ fún olówó rẹ̀ ní ojúkojú. Fóònù ni yóò ṣe ìdajì iṣẹ́, ẹnu ni yóò ṣe ìyókù.

Ẹ kìlọ̀ fún un gidigidi pé ẹnikẹ́ni tó bá ní kó san owó ìforúkọsílẹ̀ kó tó ríṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, olè ni. Ọmọ onítìjú a máa bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ju àwọn yòókù lọ, nítorí ojú ń tì í láti wá bi wá.

Ó ní òun kò fẹ́ jẹ́ olórí ohunkóhun. Ṣé kí n fi ipá mú un?

Ẹ má fi ipá mú un. Ẹ yí ìtumọ̀ olórí padà fún un. Èrò rẹ̀ ni pé olórí ni ẹni tó ń pariwo níwájú ìlà ní àárọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi nǹkan sí ìkáwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó fi ènìyàn síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkàwé ni ẹ lè fún un, tàbí ìwé orúkọ ẹgbẹ́, owó àjọ kíláàsì, àga mọ́sáláṣí tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ilé-ìwé wa, ipò tí mo máa ń dù fún irú wọn ni ti alágogo. Alágogo kì í sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bó bá lu agogo, ọ̀gá ilé-ìwé pàápàá ń dìde.

Ẹ wo Jimoh Buraimoh, ọmọ Òṣogbo tí ayé mọ̀ fún àwòrán ìlẹ̀kẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, iná ìtàgé ló ń bójú tó nínú ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀. Láìsí ẹni tó mọ ìgbà tí ó yẹ kí iná tàn àti ìgbà tí ó yẹ kó kú, ọba inú eré yóò kàn máa ké nínú òkùnkùn ni. Ẹ sì wo Arugbá wa, ọmọbìnrin tó ń ru igbá lọ sódò nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Bó bá gbé igbá sórí, kì í bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ lọ́nà, síbẹ̀ gbogbo ìlú ló ń tẹ̀ lé e dé etí odò. (Mi ò ní kí ẹ fi ọmọ yín ṣe arugbá o, ìyẹn ní àwọn tó ni ín.)

Ẹgbẹ́ wo ni kí ó wọ̀?

Ẹgbẹ́ tó ní ìlànà tó ti wà nílẹ̀. Boys' Brigade, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Scotland ní ọdún 1883, Girl Guides àti Red Cross dára, nítorí ọ̀rọ̀ àṣẹ tí wọ́n ń pè níwájú ìlà kì í yí padà: ẹni tó bá ti há a sórí lè pè é láìronú. Fún àwọn Mùsùlùmí, MSSN, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, tó ti wà láti ọdún 1954, ní ìgbìmọ̀ kéékèèké tí ènìyàn lè fi ṣe àtẹ̀gùn. Ẹgbẹ́ aríyànjiyàn kò yẹ fún ìbẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí olùkọ́ rẹ̀ rọ̀ yín tó.

Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwé, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?

Kó má há gbogbo rẹ̀ sórí. Gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn ni kó mọ̀ bí orúkọ ara rẹ̀, kí ó ka ìyókù nínú ìwé. Kó ní nǹkan lọ́wọ́, torí pé ọwọ́ òfìfo ló máa ń gbọ̀n. Kó dé gbọ̀ngàn náà kí èrò tó dé, kó dúró síbi tí yóò dúró sí, kó gbọ́ bí ohùn òun ṣe ń dún níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá lọ, ẹ má jókòó níwájú.

Wọ́n fi í ṣe pírífẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì gbọ́ tirẹ̀. Ṣé kó fi ipò náà sílẹ̀?

Kó má tíì fi í sílẹ̀. Àṣìṣe tó sábà máa ń ṣe ni pé ó ń gbìyànjú láti pariwo bíi pírífẹ́ẹ̀tì tó wà ṣáájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń já. Kó dẹ́kun bíbá ogunlọ́gọ̀ wí lẹ́ẹ̀kan náà. Kó mú ẹni kan ṣoṣo tí àwọn yòókù ń wò, kó bá a sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́, kó sì bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ kan pàtó: "Jọ̀ọ́, bá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá oúnjẹ lọ́la." Àwọn tó kù á tẹ̀ lé ẹni náà.

Kí ó sì kọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ láìṣe ojúsàájú, títí kan ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ibí ni yóò ti dùn ún. Bí ó bá yọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo kíláàsì yóò mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì sí ohun tí èmi tàbí ẹ̀yin lè ṣe sí i mọ́ ní táàmù náà. Bí táàmù kan bá parí tí ó ṣì ń sunkún lálẹ́, ẹ jẹ́ kó fi ipò náà sílẹ̀, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún olùkọ́.

Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ó ní òun kò lọ mọ́. Ṣé kí n dá a padà?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí pé ó ba nǹkan jẹ́ tí ojú sì ń tì í, ẹ bá a ṣe àdéhùn ọ̀sẹ̀ kan sí i, lẹ́yìn náà kó fúnra rẹ̀ pinnu. Àmọ́ bí kò bá lè sọ ìdí kankan, tí ojú rẹ̀ sì yí padà nígbà tí ẹ dárúkọ ibẹ̀, ẹ má dá a padà rárá títí tí ẹ ó fi mọ̀.

Báwo ni n ó ṣe mọ̀ bí wọ́n bá ń ṣe é níkà níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kì í sọ̀rọ̀?

Ẹ má bi í pé, "Báwo ni iṣẹ́?" nítorí "Ó dáa" ni yóò fi dá yín lóhùn. Ẹ bi í ní ohun kéékèèké: ta ló kẹ́yìn níbẹ̀ lónìí, kí ni ọ̀gá jẹ lọ́sàn-án, ta ló rán an níṣẹ́, ibo ló rán an lọ. Ìbéèrè tó bá fò, tàbí orúkọ tí kì í fẹ́ dá, ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa wò. Ẹ máa yà síbẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, ní ọjọ́ tí kò bára mu. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ sì ti sọ fún un, ọkùnrin tàbí obìnrin, pé kò sí ọ̀gá tó ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ kan ara rẹ̀ tàbí láti ní kó máa fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín, àti pé bí ó bá sọ fún yín, ẹ kò ní bá a wí.

Ọmọ tí ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀ lè kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi àti àwọn ọmọ mi ní ìwé kan nínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná. Ohun tí ẹnu kò bá lè sọ, a ó bá a níbẹ̀.

Bí ẹ bá rí àmì pé wọ́n lù ú tàbí pé wọ́n bá a ṣe ìṣekúṣe, ẹ mú un kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ìjọba ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, kó má wẹ̀, kí ẹ má sì fọ aṣọ tó wọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá náà lè rán àwọn àgbà àdúgbò wá bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ nílé. Ẹ má gbà. Owó tí ẹ ti san fún ìkọ́ṣẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ.